Àbọ̀ Ni Ká Kọ́kọ́ Ṣírò

 Ọ̀rọ̀ ìsinmi ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìsinmi hòtẹ́ẹ̀lì. Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni kí ẹbí kan, tàbí ọ̀rẹ́ mẹ́fà sí mẹ́jọ, dáwó jọ, kí wọ́n háyà ọkọ̀ onígbòkun fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n máa sùn nínú rẹ̀, kí wọ́n sì máa fi í ti erékùṣù kan bọ́ sí òmíràn. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é pọ̀ láyé, ìlú Split ní orílẹ̀-èdè Kroatíà, létí òkun Adriatic, ni mo sì mú ṣe àpẹẹrẹ, torí pé ó wà lára àwọn ìlú tí wọ́n ti ń háyà irú ọkọ̀ yìí jù ní gbogbo Yúróòpù. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ lọ, àkọsílẹ̀ orúkọ erékùṣù ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀: a ó dé ibí, a ó dé ọ̀hún, a ó ya fọ́tò níbí. Èmi sọ pé àbọ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣírò. Kí wọ́n mọ ibi tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, kí wọ́n sì ti ibẹ̀ ka ọjọ́ padà sẹ́yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí wọn yóò fi dé òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbéra. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Ìlú Split fúnra rẹ̀, ìpadàsílé ló dá a sílẹ̀. Diocletian, ọba ńlá ilẹ̀ Róòmù, ọmọ agbègbè yẹn ni. Àwókù Salona, ìlú àtijọ́ tó jẹ́ olú ibẹ̀ nígbà náà, wà lẹ́yìn Split títí di òní. Kí ọba yìí tó sọ̀kalẹ̀ lórí ìtẹ́ ló ti ń kọ́ ààfin tí yóò padà sí. Wọ́n gbẹ́ òkúta funfun ní erékùṣù Brač tó wà ní òdìkejì omi, wọ́n kó ère dúdú tó lórí ènìyàn, tó ní ara kìnnìún, wá láti Íjíbítì, wọ́n sì kọ́ ilé náà débi pé omi òkun ń fọ ẹsẹ̀ ògiri rẹ̀. Lọ́dún 305 ó gbé adé sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ohun tí ọba Róòmù kan kò tíì fínnúfíndọ̀ ṣe ṣáájú rẹ̀, ó sì wá gbé ibẹ̀. Ní ọ̀rúndún keje, nígbà tí ogun tú Salona ká, inú ògiri ààfin yìí ni àwọn ará ìlú náà sá wọ̀, wọn kò sì jáde mọ́. Àwọn ènìyàn ṣì ń gbé inú rẹ̀ di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí: ẹ ó rí aṣọ tí wọ́n sá sójú fèrèsé láàrin ògiri tó ti tó ọdún 1,700, ẹ ó rí ilé kọfí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó tí ọba ń gbà kọjá. Ọba náà ṣe inúnibíni gidigidi sí àwọn Kristẹni. Lónìí, ibojì rẹ̀ ti di kàtídírà, orúkọ Domnius, bíṣọ́ọ̀bù Salona tí wọ́n pa lásìkò ìjọba rẹ̀, ni wọ́n sì fi ń pè é. Lọ́dún 1979 ni UNESCO ti kọ ààfin náà mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo àgbáyé. Irú ìlú báyìí kò yẹ ní ibi tí ènìyàn yóò kàn ti pápá ọkọ̀ òfuurufú gbà kọjá lọ sínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tó bá lè ṣe é, kó dé ní Ọjọ́bọ̀ tàbí ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú, torí ẹnikẹ́ni tó bá ní òun yóò wo ààfin náà nígbà tí òun bá ti òkun bọ̀, yóò rí i pé ọjọ́ náà kì í tó nǹkan kan. Ìdí rẹ̀ wà nínú ìwé àdéhùn.

Àdéhùn háyà ní Split, Sátidé sí Sátidé ló sábà máa ń jẹ́. Bí ẹ bá kà á lóréfèé, ọjọ́ méje ni. Ṣùgbọ́n nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni wọ́n ń fa ọkọ̀ léni lọ́wọ́, torí pé àwọn tó lò ó ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà ni, wọ́n sì ní láti gbá a, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Kí ẹ tó yẹ gbogbo nǹkan wò tán, kí ẹ tó lọ ra oúnjẹ àti omi, ilẹ̀ ti ṣú. Lópin ọ̀sẹ̀, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ń fẹ́ kí ọkọ̀ ti wà ní èbúté wọn ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, kí epo dísù sì ti kún inú táǹkì rẹ̀ bí ó ṣe kún nígbà tí ẹ gbà á. Ẹ lè sùn nínú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé, ẹrù yín gbọ́dọ̀ ti wà lórí ilẹ̀. Ẹ wá bá mi ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ nìkan ni ọjọ́ tí ẹ lè pè ní tiyín látòkè délẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀, ti àbọ̀ ni. Ọjọ́ márùn-ún ni ẹ ní, owó ọjọ́ méje ni ẹ san, ẹni tí kò bá sì mọ èyí kó tó gbéra yóò máa fi ọjọ́ tí kò sí ṣètò.

Òkun fúnra rẹ̀ tún ní òfin tirẹ̀, afẹ́fẹ́ ló sì ń pa á. Mẹ́ta ni afẹ́fẹ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ń fi ẹnu bà jù. Èyí tí wọ́n ń pè ní maestral ni ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, afẹ́fẹ́ ọjọ́ tó dára: láti àríwá ìwọ̀-oòrùn ló ti ń fẹ́, ó ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá ti ń mú, ní bí aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá àárọ̀, ó ń le jù ní ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá sì wọ̀, ó ń rọlẹ̀. Ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ léra wọn. Jugo ni èkejì. Gúúsù ìlà-oòrùn ló ti ń wá, kì í déédéé dé: ó ń gba ọjọ́ kan tàbí méjì kó tó di ńlá, ó ń kó ìkúùkuu àti òjò lọ́wọ́, ìgbì rẹ̀ sì ń ga torí pé ọ̀nà jíjìn ló ti ń yí bọ̀ lójú omi. Ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta kó tó lọ. Bura ni ẹ̀kẹta, òun sì ni ẹlẹ́rù. Láti àríwá ìlà-oòrùn, láti ẹ̀yìn àwọn òkè gíga tó dúró ti etíkun náà, ló ti ń já wálẹ̀, tútù, gbígbẹ, pẹ̀lú ìjì tó ń lu omi léraléra, ojú ọ̀run sì lè mọ́ roro nígbà tó bá ń jà. Ìgbà òtútù ló lágbára jù, àmọ́ kò sí oṣù tí kò lè dé. Bí ìkúùkuu funfun bá jókòó sórí òkè Biokovo tàbí Mosor, tí ibòmíràn sì mọ́, awakọ̀ tó mọṣẹ́ kì í dúró kí ẹnikẹ́ni sọ fún un kó tó wá ibi tí yóò sá sí.

Ẹ wá gbé ìwé àdéhùn lé orí afẹ́fẹ́, kí ẹ wo ohun tí yóò jáde. Erékùṣù Korčula wà lára ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, ìlú rẹ̀ sì lẹ́wà lóòótọ́: ògiri àti ilé ìṣọ́ àtijọ́, òpópónà tóóró, àti ilé kan tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Marco Polo, arìnrìn-àjò ayé àtijọ́ nì. Gúúsù ìlà-oòrùn Split ló wà, nǹkan bí 50 máìlì ojú omi. Àlọ rẹ̀ dùn bí oyin, torí pé ẹ̀yìn ni maestral ti ń ti ọkọ̀. Ìgbòkun ṣí gbagada, ọkọ̀ ń yọ̀ lọ, ẹni tí kò tukọ̀ rí yóò rò pé iṣẹ́ náà kò le. Àmọ́ ojú ibi tí afẹ́fẹ́ yẹn ti ń wá gan-an ni Split wà nígbà tí ẹ bá ń bọ̀. Kò sí ọkọ̀ onígbòkun tó lè dojú kọ afẹ́fẹ́ tààrà. Àfi kó máa gbá kiri, kó ya sápá ọ̀tún, kó ya sápá òsì, máìlì 50 a sì di nǹkan bí 70. Ọkọ̀ tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 40, irú èyí tí wọ́n ń háyà jù, ń rin máìlì márùn-ún sí mẹ́fà ní wákàtí kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: wákàtí méjìlá sí mẹ́rìnlá lójú omi, pẹ̀lú ìgbì níwájú, àwọn ọmọdé tó ń bì, àti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tí kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà omi tó wà láàrin Korčula àti ilẹ̀ Pelješac tó kọjú sí i, níbi tí ẹ ó ti kọ́kọ́ bá afẹ́fẹ́ náà wọ̀yá ìjà, ni àwọn tó ń fi pákó onígbòkun sáré lójú omi ti ń pé jọ, torí pé maestral ibẹ̀ kì í ṣe eré. Ohun tí wọ́n wá síbẹ̀ fún ni ẹ̀yin yóò máa bá jà.

Erékùṣù Vis ńkọ́? Òun náà jìnnà, nǹkan bí 30 máìlì sí Split, lójú agbami. Bí ẹ bá wo àwòrán ilẹ̀ lásán, ẹ ó ní òun ló léwu jù nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n gúúsù ló wà, ó fì díẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn, ìyẹn ni pé ẹ̀gbẹ́ ni maestral ti ń lu ọkọ̀ ní àlọ, ẹ̀gbẹ́ náà ló sì ti ń lù ú ní àbọ̀, ìgbòkun sì fẹ́ràn afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ ju èyíkéyìí lọ. Ọkọ̀ lè lọ láìgbá kiri, kó sì bọ̀ láìgbá kiri. Ẹni tó bá ka àlọ nìkan yóò mú Korčula; ẹni tó bá ṣírò àbọ̀ yóò mú Vis. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀ fún ẹni tí ọ̀sẹ̀ kan péré wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì ní ìrírí púpọ̀. Kì í sì í ṣe pé ẹ fi èyí tó dáa sílẹ̀ mú èyí tí kò dáa. Erékùṣù ológun ni Vis nígbà ìjọba Yugoslavia, wọn kò jẹ́ kí àlejò láti òkè òkun tẹ̀ ẹ́ títí di ọdún 1989, ìdí nìyẹn tí hòtẹ́ẹ̀lì ńláńlá kò fi rí àyè hù síbẹ̀. Ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú òkúta láti fi ọkọ̀ abẹ́ omi pamọ́ sí ṣì wà níbẹ̀ tí ẹ lè tukọ̀ wọ̀. Inú ihò orí òkè ibẹ̀ ni Tito, ẹni tó wá di olórí Yugoslavia, ti ṣe olú iléeṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún 1944. Èbúté méjì ló ní, ìlú Vis tó kọjú sí àríwá ìlà-oòrùn, àti Komiža, ìlú àwọn apẹja, tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, nítorí náà èyí tí afẹ́fẹ́ bá bà jẹ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ààbò ní èkejì. Ní erékùṣù kékeré Biševo, tí kò jìnnà sí Komiža, ni ihò aláwọ̀ búlúù tí gbogbo ayé ń sọ wà: lọ́dún 1884 ni wọ́n fi ohun abúgbàù fẹ ẹnu rẹ̀ kí ọkọ̀ kékeré lè wọlé, oòrùn òwúrọ̀ tó bá sì gba abẹ́ omi wọ ibẹ̀ ló ń sọ gbogbo inú rẹ̀ di búlúù. Ọkọ̀ onígbòkun kò lè wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ ni yóò gbé yín. Bí jugo bá ń jà, wọ́n á tì í.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, ètò ọ̀sẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ara rẹ̀. Ibi tó jìnnà jù ni kí ẹ dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì máa sún mọ́ ilé díẹ̀díẹ̀. Kí ọjọ́ Àìkú kúrú, ó pọ̀ jù máìlì mẹ́wàá tàbí díẹ̀ lé, dé Šolta, kí ara àwọn tí kò wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí lè mọ́ ìgbì. Kí ọjọ́ Ajé jẹ́ ti Vis. Kí ọjọ́ Ìṣẹ́gun jẹ́ ti Biševo àti Komiža. Bí ojú ọjọ́ bá bàjẹ́ nígbà náà, ẹ ṣì ní ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ lè fi dúró dè é. Ní Ọjọ́rú ẹ lè bọ́ sí erékùṣù Hvar. Ibẹ̀ ni mo ti yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìlú Hvar ni gbogbo ènìyàn ń lọ, nítorí ilé fàájì àti tíátà tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1612, àmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èbúté rẹ̀ há, ó gbówó lórí, ariwo rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí ọmọdé sùn. Stari Grad, ní òdìkejì erékùṣù kan náà, ni èmi fara mọ́. Àwọn Gíríìkì láti erékùṣù Paros ló tẹ̀ ẹ́ dó lọ́dún 384 ṣáájú ìbí Jésù, wọ́n pín pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó wà lẹ́yìn ìlú sí oko onígun mẹ́rin pẹ̀lú ògiri òkúta, àjàrà àti ólífì ni àwọn àgbẹ̀ sì ṣì ń gbìn láàrin ààlà yẹn gan-an. UNESCO kọ pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2008. Ẹni tó bá háyà kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ lè gba àárín oko wọ̀nyẹn kọjá láàárọ̀, kó sì fi ojú ara rẹ̀ rí ààlà ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ fún ọdún tó lé ní 2,300. Ní Ọjọ́bọ̀, kí ọkọ̀ yín ti wà ní Milna, ní Brač, ibi tó kù bí máìlì mẹ́wàá sí Split. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ẹ lè wẹ̀ nínú òkun láàárọ̀, ẹ lè jẹun ọ̀sán, ẹ ó sì gba àárín Brač àti Šolta wọlé láìsáré. Ohun tí yóò dá yín dúró kò ju ilé epo etí omi lọ, torí pé gbogbo ọkọ̀ tó ń padà ló ń fẹ́ ra epo lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà. Ìlà rẹ̀ máa ń gùn, ẹni tó bá sì dé ṣáájú aago méjì yóò gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ìyọnu.

Àwọn kan yóò ní, ‘Ẹ́ńjìnnì wà nínú ọkọ̀, kí ló kàn wá kan ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá?’ Òótọ́ ni pé ó wà, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn là. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ onígbòkun kékeré ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú ọkọ̀ wọ èbúté àti láti gbé e nígbà tí afẹ́fẹ́ bá kú. Bí ìgbì bá ga níwájú, gbogbo ìgbì tó bá lù ú ló ń dá ìrìn rẹ̀ padà, epo ń jó, ara àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹni tó bá sì fi ẹ́ńjìnnì rin gbogbo àbọ̀ rẹ̀ ti san owó ìgbòkun fún ohun tí kò lò. Ọ̀nà tó dára láti lò ó ni kí ẹ gbéra ní ìdájí, kí maestral tó jí, ìyẹn náà sì jẹ́ ètò àbọ̀. Àwọn mìíràn yóò sọ pé ìlú Dubrovnik, tó tún jìnnà ju Korčula lọ, ni ọkàn àwọn fẹ́, ọ̀nà jíjìn kò sì ṣe àwọn ní nǹkan kan. Mo gbà. Iléeṣẹ́ mìíràn wà tó ń jẹ́ kí ènìyàn gba ọkọ̀ ní Split kó sì dá a padà sí Dubrovnik, wọn yóò kàn fi owó lé e, torí pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ tu ọkọ̀ náà padà. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: wọn kò yẹ àbọ̀ sílẹ̀, wọ́n rà á ni. Bí agbára owó yín bá gbé e, ẹ rà á. Ohun tí n kò fọwọ́ sí ni kí ènìyàn lọ dé ìdajì ọ̀nà Dubrovnik pẹ̀lú ìrètí pé afẹ́fẹ́ yóò yí padà fún òun ní ọjọ́ Jímọ̀.

Àríyànjiyàn tó lágbára jù lójú mi ni ti ẹni tó ní ìsinmi tí a ti ṣírò dórí wákàtí kì í ṣe ìsinmi mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀. Òmìnira ni ènìyàn ń wá lọ sójú omi, kì í ṣe tábìlì iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè, ta ló lómìnira ní Ọjọ́bọ̀: ẹni tó wà ní Milna tí ilé kù sí ìtòsí, àbí ẹni tó wà ní Korčula tó ń wo fóònù rẹ̀ ní wákàtí wákàtí bóyá afẹ́fẹ́ yóò rọlẹ̀? Ẹni àkọ́kọ́ lè sùn di aago mẹ́wàá. Ó lè rí ibi tí omi ti mọ́ gaara, kó dákọ̀ró síbẹ̀, kó má ṣe nǹkan kan títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ètò mi dè mọ́lẹ̀, ìyẹn ọjọ́ Jímọ̀, ó sì tú àwọn yòókù sílẹ̀. Ilé làbọ̀ ìsinmi oko, àwọn àgbà wa ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò sì mọ bí òun yóò ṣe délé kò lè gbádùn oko.

Ẹnìkan tún lè ní, ‘Kí ni a fẹ́ fi gbogbo wàhálà yìí ṣe nígbà tí ọkọ̀ èrò wà?’ Mi ò ní purọ́ fún un. Ọkọ̀ èrò ń ti Split lọ sí Supetar ní Brač láàrin nǹkan bí 50 ìṣẹ́jú, àwọn tó yára sì ń dé ìlú Hvar ní bíi wákàtí kan. Ó rọrùn, owó rẹ̀ kò pọ̀, kò sì sí owó ìdógò kankan tí iléeṣẹ́ yóò mú dání nítorí ohun tó bá bàjẹ́. Ẹni tí ìlú nìkan bá wù, kó wọ ọkọ̀ èrò, kó fowó tó kù jẹun. Ọkọ̀ onígbòkun yẹ ẹni tí ojú omi fúnra rẹ̀ wù, tó fẹ́ sùn ní ibi tí ọkọ̀ èrò kì í dé, tó sì fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń fa okùn àti bí a ṣe ń di ìdarí mú. Tí ìyẹn kò bá wù yín, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ti awakọ̀ ńkọ́? Òfin Kroatíà ní ẹni tó bá ń tu ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí ìtukọ̀ tí ìjọba ibẹ̀ gbà wọlé, ẹnìkan nínú ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí lílo rédíò ojú omi. Bí kò bá sí nínú yín, ẹ gba awakọ̀ ará ibẹ̀. Ẹ má ka owó rẹ̀ sí òfò. Òun ló mọ ibi tí bura ń gbà jáde, òun ló mọ ilé oúnjẹ tó ní ibùdókọ̀ tí kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá jẹun níbẹ̀. Ẹ rántí pé ó máa ń gba ibùsùn kan nínú ọkọ̀, ẹ̀yin lẹ ó sì máa bọ́ ọ. Ọkọ̀ ènìyàn mẹ́jọ ti di ti ènìyàn méje nìyẹn. Ẹ sì gbà fún un pé bí ó bá ní a kò lọ, a kò lọ. Inú ewu ni àwọn tó ń fi owó tí wọ́n san halẹ̀ mọ́ awakọ̀ ń fi ara wọn sí. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ lè lọ, ṣùgbọ́n kó wọ ẹ̀wù amúniléfòó ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ń rìn, kí wọ́n sì gbé ti àwọn ọmọdé wò sí wọn lára ní Sátidé tí ẹ bá gba ọkọ̀, kì í ṣe lójú agbami. Kí gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ mọ̀ pé ìkànnì 16 ni wọ́n ń fi ké gbàjarè lórí rédíò ojú omi, nọ́ńbà 195 sì ni ti fóònù.

Ìwé ìrìnnà náà, láti ẹ̀yìn ni kí ẹ ti ṣírò rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2023 ni Kroatíà ti wọ agbègbè Schengen, ọjọ́ náà ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí ná yúrò. Ẹni tó bá ní pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà Schengen, kódà bí ó bá ní ìwé ìgbélùú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì; ẹ lè fi ìwé ránṣẹ́ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò, ó kéré jù, kó ku ọjọ́ 15 sí ìrìn àjò náà, ìwé adójútòfò ìlera tó tó 30,000 yúrò sì gbọ́dọ̀ bá a rìn. Ẹ má béèrè fún físà tó máa parí ní Sátidé tí ẹ ó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ gan-an, ẹ má sì ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù tó máa gbéra ní kùtùkùtù rẹ̀. Jugo kì í wo físà. Ẹ fi ọjọ́ méjì kún un. Ti owó ìdógò náà, bẹ́ẹ̀ ló rí: àbọ̀ ni wọ́n ń yẹ ọkọ̀ wò, wọ́n tilẹ̀ lè rán òmùwẹ̀ lọ wo abẹ́ rẹ̀, ohun tí wọ́n bá sì rí tó bàjẹ́, lórí yín ni. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ibi tó ti ha, tó ti ya, tó ti tẹ̀ wọnú, ní Sátidé tí ẹ gba ọkọ̀, kí ìgbòkun tó gòkè, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó fà á lé yín lọ́wọ́ kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí ẹ bá ti wá pinnu láti lọ, ohun tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe kí ẹ tó san kọ́bọ̀ ni kí ẹ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tó ni ọkọ̀, kí ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́rin: aago mélòó ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ padà ní ọjọ́ Jímọ̀, èbúté wo ló gbọ́dọ̀ padà sí, èló ni ẹni tó bá pẹ́ yóò san, kí ló sì ń ṣẹlẹ̀ bí ojú ọjọ́ bá dí ọ̀nà? Ẹ gba èsì náà ní kíkọ sílẹ̀. Ẹ má ṣí àwòrán erékùṣù kankan títí tí yóò fi wà lọ́wọ́ yín.